Gìtá oníbíríìjì tó ń léfòó kì í di ohùn mú: ẹ bá wa dá sí i

Onígìtá_Ṣágámù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ọ̀gá mi. Gìtá tòkunbọ̀ kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ láìpẹ́ yìí. Bíríìjì rẹ̀, ìyẹn irin tí ìdí okùn so mọ́ lára gìtá, jẹ́ irú ti Floyd Rose, èyí tó ń léfòó, ó sì ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń ti okùn pa lókè ọrùn. Ohùn rẹ̀ dùn, ọrùn rẹ̀ sì bá ọwọ́ mi mu, ṣùgbọ́n kì í di ohùn mú rárá. Bí mo bá yí okùn kẹfà dé E, kí n tó dé orí okùn kìíní, okùn kẹfà á ti wálẹ̀. Mo tún un ṣe, àwọn yòókù tún yẹ̀. Bí mo bá wá jàjà rí i tò, tí mo tẹ ọ̀pá rẹ̀ tí a fi ń mi bíríìjì lẹ́ẹ̀kan péré nígbà orin ìyìn, kò ní padà síbi tó wà.

Ohun mìíràn tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé okùn 9 sí 42 (bí okùn kìíní ṣe nípọn sí títí dé ìkẹfà, ní ìdá ẹgbẹ̀rún íńṣì) ló wà lórí rẹ̀ nígbà tí mo rà á. Èmi fi 10 sí 46 sí i, torí mo fẹ́ràn okùn tó nípọn díẹ̀. Látìgbà yẹn ni ìdí bíríìjì ti gbé sókè, tí iwájú rẹ̀ sì tẹ̀ sápá ọrùn. Ará kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ní kí n tà á, kí n lọ ra èyí tí bíríìjì rẹ̀ kì í mì. Mi ò fẹ́ tà á. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀gá_Mushin

Àbúrò, má tà á. Kó o tó fọwọ́ kan síkúrù kankan, ìbéèrè kan rèé tí mo fẹ́ kó o dáhùn. Bí ohùn bá yẹ̀ lẹ́yìn tó o tẹ ọ̀pá, ṣé okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jọ yẹ̀ sápá kan náà, àbí ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá gbé irú gìtá yìí wá. Bí gbogbo wọn bá jọ gòkè tàbí jọ wálẹ̀, bíríìjì ni ká wò: sípíríǹgì ẹ̀yìn, òpó méjì tó gùn lé, àti etí tó fi gùn lé e. Bó bá jẹ́ okùn kan ló ń dá yẹ̀, ọ̀nà tí okùn yẹn gbà ni ká tọ̀, láti kíì tí a fi ń yí okùn lórí gìtá wá sí nọ́ọ̀tì títí dé ibi tí bíríìjì ti gbá ìdí rẹ̀ mú. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ èyí yóò kàn máa yí síkúrù kiri ni, nígbà tó bá sì fi máa gbé gìtá náà wá, kò ní sí ẹni tó mọ èyí tó ṣì wà láyè rẹ̀ mọ́.

Ní ti pé okùn kẹfà ń wálẹ̀ kó o tó dé orí okùn kìíní, ìyẹn kì í ṣe àìsàn rárá. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bíríìjì tó ń léfòó dà bí òṣùwọ̀n alápá méjì: okùn mẹ́fà ń fà á síwájú, sípíríǹgì inú ihò ẹ̀yìn gìtá ń fà á sẹ́yìn, ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ló máa dúró sí. Bó o bá fa okùn kan le, bíríìjì á tẹ̀ síwájú díẹ̀, okùn márùn-ún yòókù á sì dẹ̀. O gbọ́dọ̀ yí wọn yípo léraléra. Ní àyípo kìíní, wọ́n á yẹ̀ gan-an. Ní ìkejì, á kù díẹ̀. Bó o bá ń bá a lọ, àṣìṣe náà á máa dín kù títí á fi tán. Bí kò bá dín kù, a jẹ́ pé nǹkan kan ń yọ̀ níbì kan.

Okùn tó o pààrọ̀ ló gbé ìdí bíríìjì sókè. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn bíi ti Stratocaster, gìtá ilé iṣẹ́ Fender, tá a bá yí okùn 9 sí 42 sí ohùn E bó ṣe yẹ, gbogbo wọn jọ ń fà tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 38. Okùn 10 sí 46 ń fà tó nǹkan bíi 46. O ti fi bíi kìlógíráàmù mẹ́jọ kún apá iwájú, o ò sì fi nǹkan kan kún apá ẹ̀yìn. Báwo ni kò ṣe ní tẹ̀ síwájú?

Bí mo ṣe máa ń tún un ṣe nìyí. Tú irin mẹ́ta tó ń ti okùn pa lórí nọ́ọ̀tì, kó o gbé wọn sílẹ̀. Yí gbogbo fáìn-túnà, síkúrù kékeré orí bíríìjì tí a fi ń tún ohùn ṣe díẹ̀, sí àárín. Ṣí ike ẹ̀yìn gìtá. Wàá rí irin ńlá kan tó rọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ bíríìjì, sípíríǹgì tó kọ́ ọ, àti irin èékánná tí síkúrù gígùn méjì dè mọ́ igi lápá ọrùn. Dẹ síkúrù méjèèjì díẹ̀. Wá pákó tẹ́ẹ́rẹ́, kó o fi há àárín irin ńlá yẹn àti ògiri ihò tó wà lápá ìdí gìtá. Kì í ṣe apá ọrùn o, apá ìdí ni. Máa fá pákó náà tàbí kó o máa fi páálí kún un, títí pẹlẹbẹ bíríìjì á fi tẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ojú gìtá. Dùbúlẹ̀ kó o wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ ni kó o fi rí i.

Bó bá ti há báyìí, okùn ò lè fà á síwájú mọ́. Yí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ohùn wọn, wọ́n á dúró bí ìgbà tí bíríìjì kì í mì. Lẹ́yìn náà, máa yí síkúrù èékánná wọlé díẹ̀díẹ̀, ìdá mẹ́rin àyíká kan lẹ́ẹ̀kan, kí ti ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba. Ó máa dé ibì kan tí pákó yẹn á dẹ̀, tí á já bọ́ fúnra rẹ̀. Dúró níbẹ̀. Sípíríǹgì àti okùn ti bára dọ́gba nìyẹn, bíríìjì sì tẹ́ bó ṣe yẹ. Ìyókù ò ju kó o fi túnà tún un fọwọ́ bà díẹ̀.

Bí síkúrù bá wọlé dé òpin tí pákó ṣì há, sípíríǹgì mẹ́ta ò tó fún okùn rẹ nìyẹn. Fi ìkẹrin kún un, kó o sì tún dẹ síkúrù padà.

Ṣe èyí, kó o wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Má gbàgbé ìbéèrè mi o.

Àǹtí_Abẹ́òkúta

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú apá ti okùn, torí okùn tí wọn ò so dáadáa lè sọ iṣẹ́ pákó yẹn di asán.

Okùn tuntun máa ń nà. Bí o ò bá fà á nílé, orí pẹpẹ ló ti máa nà, okùn kan ṣoṣo tó bá sì nà lórí bíríìjì tó ń léfòó á yẹ ohùn gbogbo yòókù. Fi ìka gbé okùn kọ̀ọ̀kan láàárín ọrùn, fà á jẹ́jẹ́ kúrò lára gìtá, yí ohùn rẹ̀ padà, tún fà á, títí fífà ò fi ní mú un wálẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀tì á ṣì wà ní ṣíṣí ní gbogbo àkókò yìí.

Níbi ìdí okùn, lórí Floyd Rose, a máa ń gé kóró idẹ tó wà ní ìdí rẹ̀ kúrò. Gé e kọjá ibi tí okùn ti lọ́ mọ́ra rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ibi lílọ́ yẹn lo fi sínú saddle, irin orí bíríìjì tí okùn kọ̀ọ̀kan gùn lé. Ti ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀ tààrà títí kò fi ní lọ mọ́, kó wà láàárín irin kékeré inú saddle, kó o wá fi Allen key mílímítà 3 dè é. Kó le, ṣùgbọ́n má fi gbogbo agbára apá rẹ ṣe é. Irin kékeré yẹn máa ń sán, pàápàá lórí àwọn bíríìjì tó wọ́n kéré, okùn á sì máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kó o mọ̀.

Lókè ọrùn, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí. Bó o bá yí ohùn tán tó o wá ti nọ́ọ̀tì pa, ṣé ohùn fò sókè? Bó bá fò, wo irin gbọọrọ tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì, èyí tí gbogbo okùn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ okùn mọ́lẹ̀ kó lè sùn lórí nọ́ọ̀tì kó o tó tì í. Bó bá wà lókè jù, okùn á gbé sókè díẹ̀, bó o bá sì tì í pa, ó tẹ okùn náà mọ́lẹ̀, ohùn á fò. Yí síkúrù méjèèjì irin yẹn wọlé títí okùn á fi sùn dáadáa.

Bí nọ́ọ̀tì bá ti wà ní títì, má fọwọ́ kan kíì orí gìtá mọ́. Ohùn ò ní yí padà, okùn tó wà láàárín kíì àti nọ́ọ̀tì lo máa já. Fáìn-túnà ni kó o lò, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó wà ní àárín kó o tó tì í, kí àyè lè wà láti gòkè àti láti wálẹ̀.

Ọmọ_Peckham

Ẹ kú àárọ̀ láti London. Ẹni tí gìtá rẹ̀ jẹ́ Strat (Stratocaster) tí kò ní títì lókè ńkọ́? Mo ní ọ̀kan, mo sì ń tẹ ọ̀pá rẹ̀ dáadáa, kì í yẹ̀.

Láti 1954 tí Fender ti gbé Stratocaster jáde ni bíríìjì tó ní ọ̀pá yẹn ti wà lórí rẹ̀, síkúrù mẹ́fà ló gùn lé, kò sì sí títì rárá. Wàhálà tó wà lára rẹ̀ ni pé okùn máa ń yọ́ kọjá nọ́ọ̀tì, ó sì máa ń há nínú ihò rẹ̀. Ohun tí Floyd Rose, ọkùnrin tó ṣe irú bíríìjì tí ẹ ń sọ yìí, wá wò sàn nìyẹn, ó gba ìwé àṣẹ (patent) rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1979: ti okùn pa lókè, ti okùn pa ní ìdí, okùn ò ní ríbi yọ́ sí. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, kò tíì sí fáìn-túnà lára rẹ̀. Bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, àfi kẹ́ ẹ tú nọ́ọ̀tì kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fáìn-túnà dé.

Fún ẹni tí kò ní títì, ọ̀nà wà láti mọ̀ bóyá nọ́ọ̀tì ni. Tẹ ọ̀pá sílẹ̀ kí okùn dẹ̀, kó o jẹ́ kó padà. Bí okùn kan bá padà wá tó ga ju bó ṣe wà lọ, ó há ní nọ́ọ̀tì. Nígbà tó dẹ̀, apá tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì fà á lọ sọ́dọ̀ kíì, kò sì lè padà wá. Bó o bá wá tẹ okùn gòkè pẹ̀lú ìka lórí ọrùn tó padà wá tó rẹlẹ̀, ibì kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni apá tó yọ́ sí. Nígbà mìíràn wàá gbọ́ ohùn kékeré kan, "tín", bó o bá ń yí kíì. Ìgbà tí okùn ja ara rẹ̀ gbà nínú ihò nìyẹn.

Fi ẹnu pẹ́ńsù tó dúdú, tó rọ̀, kun inú ihò kọ̀ọ̀kan nígbà tó o bá ń pààrọ̀ okùn, kó o sì kun abẹ́ irin kékeré tó tẹ okùn kìíní àti ìkejì mọ́lẹ̀ lórí gìtá. Bí okùn tó nípọn bá há nínú ihò tí wọ́n gé fún okùn tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ́ńsù nìkan ò ní gbà á, a óò fi fáìlì fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló sì yẹ kó ṣe ìyẹn. Má ṣe wé okùn púpọ̀ mọ́ kíì, wíwé méjì sí mẹ́ta tó fún okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo wíwé tó bá pọ̀ ju ìyẹn lọ á máa fún pọ̀ bó o bá ń ta á.

Onígìtá_Ṣágámù

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi, àǹtí mi. Mo ti fi pákó há a, mo yí síkúrù títí ó fi já bọ́. Bíríìjì ti tẹ́. Àyípo ohùn ti rọrùn, kò sì rẹ̀ mí mọ́.

Èsì ìbéèrè Ọ̀gá rèé. Bí mo bá tẹ ọ̀pá sílẹ̀ tó padà, gbogbo okùn jọ ń rẹlẹ̀ díẹ̀. Bí mo bá fa ọ̀pá sókè tó padà, gbogbo wọn jọ ń ga díẹ̀. Tí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, ó rẹlẹ̀. Ó dà bíi pé ibi tó ń dúró sí jẹ́ méjì. Yàtọ̀ sí èyí, okùn kẹta ń dá wálẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, bí mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá.

Ọ̀gá_Mushin

O ṣe é dáadáa. Àìsàn méjì ló wà níbẹ̀, o sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fúnra rẹ.

Èyí tó ní ibi ìdúró méjì, tí gbogbo okùn sì jọ ń tẹ̀ lé ara wọn, etí ọ̀bẹ ni. Wo iwájú pẹlẹbẹ bíríìjì, wàá rí etí méjì tó mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kan ọrùn òpó irin kan. Orí etí yẹn ni gbogbo ẹrù okùn àti sípíríǹgì gùn lé. Bó bá mú, bíríìjì á yí lórí rẹ̀ láìsí ìdènà, á sì padà síbi kan náà nígbàkugbà. Bó bá ti kú, tàbí tí òpó ti ní kòtò kékeré níbi tó kan etí náà, ó máa ń há ní ibì kan bó bá ń bọ̀ láti òkè, á tún há ní ibòmíràn bó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ohun tó o rí gan-an nìyẹn.

Dẹ okùn pátápátá, yọ sípíríǹgì, kó o gbé bíríìjì kúrò. Gbé etí méjèèjì sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ iná tọ́ọ̀ṣì fóònù, kó o máa yí i díẹ̀díẹ̀. Etí tó dára máa ń dúdú tàbí kó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, ìmọ́lẹ̀ ò ní ríbi dúró lé. Bó o bá rí i tó ń tàn yanran ní ibì kan lórí ìlà náà, ó ti pẹlẹbẹ níbẹ̀ nìyẹn. Fi èékánná àtàǹpàkò rẹ wọ́ ọ lọ, yóò kọ́ ọ níbi tó bá ti jẹ. Lẹ́yìn náà wo òpó méjèèjì. Bó bá jẹ́ òpó ló ní kòtò, ìyẹn rọrùn, òpó tuntun ò wọ́n. Fi ọwọ́ mi òpó náà pẹ̀lú. Bó bá ń mì nínú igi, ibẹ̀ gan-an ni ohùn rẹ ń gbà lọ, èyí sì wọ́pọ̀ lára gìtá tó ti rìn jìnnà.

Bí ìjẹ náà bá kéré, fi gíríìsì díẹ̀ sí ibi tí etí àti òpó ti kan ara wọn, ìwọ̀nba tó lè dúró lórí ẹnu abẹ́rẹ́, kó o tún un dán wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń tó. Bó bá pọ̀, pààrọ̀ pẹlẹbẹ náà. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi fáìlì pọ́n ọn, torí ojú irin yẹn ni wọ́n mú le. Bó o bá pọ́n ọn kọjá ibi tó le, irin rírọ̀ ló kù, kò sì ní pẹ́ tó fi máa tún kú. Irin àwọn bíríìjì olówó pọ́ọ́kú rọ̀ láti ilé wá, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi ń tètè kú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé okùn sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ má yí òpó nígbà tí okùn bá le lórí rẹ̀. Ohun tó ń ba etí ọ̀bẹ jẹ́ jù nìyẹn, irin ń yí, kìlógíráàmù tó lé ní ogójì sì wà lórí rẹ̀. Ẹ dẹ okùn ná.

Àǹtí_Abẹ́òkúta

Okùn kẹta tó ń dá wálẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú un. Mú bírò tàbí máákà, fi àmì kékeré sára okùn náà níbi tó ti jáde lára nọ́ọ̀tì lápá ìdí gìtá, kó o fi òmíràn síbi tó ti jáde lára saddle. Ta gìtá náà dáadáa, tẹ ọ̀pá, fa okùn náà pẹ̀lú ìka. Wá wo àmì méjèèjì. Èyí tó bá ti rìn kúrò níbi tó wà ni kó o bá wí. Bó bá jẹ́ ti òkè, yí irin tó ti okùn kẹta àti ìkẹrin pa sí òdìkejì, wàá sábà rí kòtò tí okùn ti gbẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ojú kejì á gbá okùn mú dáadáa. Bó bá jẹ́ ti ìdí, yọ okùn náà, wo irin kékeré inú saddle bóyá ó ti sán.

Bí àmì kankan ò bá rìn tí ohùn ṣì ń wálẹ̀, okùn náà kò tíì nà tán. Tún fà á. Kó o sì fọwọ́ mi nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé síkúrù tó dè é mọ́ ọrùn ló ti dẹ̀.

Baba_Gìtá_Òṣogbo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò rere. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un tí kò kan síkúrù.

Nǹkan méjì ni wọ́n máa ń pè ní àìsàn gìtá tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ń ta á ni. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bíríìjì, bí a ṣe ń ṣe láti dí ohùn díẹ̀, ń ti ìdí rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀, gbogbo okùn á sì gòkè. Bó bá gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n á padà. Kó gbé ọwọ́ náà bọ́ síwájú, kó fúyẹ́. Ìkejì, àwa tá a ń ta hàíláìfù àti jùjú, a fẹ́ràn ká máa ta okùn méjì pọ̀. Bó o bá fi ìka ti okùn kan gòkè tí ìkejì ń dún lọ, lórí bíríìjì tó ń léfòó ìkejì á wálẹ̀, torí bíríìjì ti tẹ̀ síwájú díẹ̀. Etí máa ń gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Lórí gìtá tí bíríìjì rẹ̀ kì í mì, kì í ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ta irú orin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ láti ti okùn kejì gòkè díẹ̀ pẹ̀lú, tàbí kó dín mímì bíríìjì kù.

Bí ẹ bá sì ń yí ohùn, ẹ gbé gìtá sọ́rùn bí ẹ ṣe máa ta á. Bó bá sùn lórí itan, bíríìjì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, ibi tó máa dúró sí á yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìgbà tí ẹ bá dìde.

Ọmọ_Peckham

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ọ̀rọ̀ "dín mímì bíríìjì kù" yẹn ni mo fẹ́ sọ. Tèmi ò léfòó mọ́. Mo fi pákó há àárín irin ńlá abẹ́ bíríìjì àti ògiri ihò tó wà lápá ọrùn, mo sì fa èékánná le. Mo ṣì lè tẹ ọ̀pá sílẹ̀, mi ò kàn lè fà á sókè ni. Bí okùn kan bá já, àwọn yòókù ò ní mì. Mo lè sọ okùn kẹfà kalẹ̀ sí D fún orin kan kí n sì dá a padà. Ẹni tó ń ta nínú ìsìn gan-an ló yẹ kó ṣe èyí.

Ojú ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Níhìn-ín, bí wọ́n bá tan híítà nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ inú ilé á gbẹ, ọrùn gìtá á yí. Àwọn tó wà nílé ń rí irú rẹ̀ nígbà ọyẹ́, tàbí bí wọ́n bá gbé gìtá láti inú oòrùn wọ ilé ìjọsìn tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Irin okùn máa ń nà bó bá gbóná, ohùn á sì wálẹ̀. Ẹ yọ gìtá kúrò nínú àpò rẹ̀ ní bíi ìdajì wákàtí kí ẹ tó yí ohùn.

Ọ̀gá_Mushin

Mi ò bá ọ jiyàn lórí pákó apá ọrùn, ó ń ṣiṣẹ́, mo sì máa ń ṣe é fún àwọn tó bá béèrè. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí àbúrò wa fi í bo etí ọ̀bẹ tó ti kú mọ́lẹ̀. Pákó á jẹ́ kó dúró bí kò bá fọwọ́ kan ọ̀pá, ọjọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́, á tún rí i. Tún etí náà ṣe ná, kó o wá yan bóyá wàá jẹ́ kó léfòó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn máa gbọ̀n jẹ́jẹ́ sókè sísàlẹ̀ lórí ohùn tó gùn, kò sí ohun tó dùn tó bíríìjì tó léfòó tó sì wà ní ìlera. Ó tọ́ sí ká wá àyè tún un ṣe.

Onígìtá_Ṣágámù

Mo ti tú u. Òpó apá òsì ló ní kòtò, etí bíríìjì fúnra rẹ̀ ò jẹ. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá òpó méjèèjì. Okùn kẹta, àmì òkè ló rìn, mo ti yí irin náà padà, kò wálẹ̀ mọ́ láti àná.

Ìbéèrè kan ló kù. Bí okùn bá já láàárín ìsìn, tí bíríìjì ṣì ń léfòó, kí ni mo lè ṣe?

Àǹtí_Abẹ́òkúta

Àwọn márùn-ún tó kù á gòkè lójú ẹsẹ̀, torí sípíríǹgì ti borí. Bó bá jẹ́ okùn kìíní tàbí ìkejì ló já, wọn ò ní gòkè tó bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó nípọn. Má gbìyànjú láti fi fáìn-túnà dá wọn padà, àyè rẹ̀ ò tó. Jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù gbé orin náà, kó o bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kó o tó lọ sí ìsìn, gé pákó kékeré kan tó bá àyè tó wà láàárín irin ńlá àti ògiri apá ọrùn mu nígbà tí bíríìjì bá tẹ́, kó o fi sínú àpò gìtá. Okùn á já, wàá fa ọ̀pá sílẹ̀ ná, wàá ti pákó náà há àárín irin ńlá àti ògiri apá ọrùn. Pákó apá ọrùn ò ní jẹ́ kí sípíríǹgì fa bíríìjì kọjá ibi tó yẹ, okùn márùn-ún á padà sí ohùn wọn, tàbí kí wọ́n sún mọ́ ọn débi tí fáìn-túnà fi lè parí rẹ̀. Ike ẹ̀yìn gìtá ò ní wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà o, èmi kì í dè é mọ́ bí mo bá ń lọ ta. Fi Allen key méjì sínú àpò kan náà, ti mílímítà 3 àti ti 2.5, pẹ̀lú okùn kìíní àti ìkẹta tó o ti gé kóró ìdí wọn kúrò sílẹ̀.